Kí la fẹ́ fi èdè Rọ́ṣíà ṣe? Ẹ jẹ́ n dá bàbá yẹn lóhùn

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà pépà, torí mo mọ̀ pé ìwé títẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásìkò yìí. Èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà sí yín nígbà kan lórí oògùn ayédèrú, ẹ tẹ méjì jáde, ẹ̀kẹta ò rọ́nà gbà, mi ò bínú. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ oògùn kọ́. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n gbé fóònù, ti bàbá kan tó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ lọ kọ́ èdè Rọ́ṣíà ní yunifásítì, òun sì ti sọ fún un pé òun ò ní fi owó òun ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ta ló ń sọ ọ́ n'Ìbàdàn, pé Faransé ṣáà wà ńlẹ̀, Kùtọnu ò jìnnà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣòwò kó yáa kọ́ ti Ṣáínà. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú wá ń bí mi díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ọmọ, ẹ má bínú o, mi ò mọ̀ yín rí, àmọ́ ẹ béèrè pé ta ló ń sọ ọ́ n'Ìbàdàn, èmi nìyí. Bódìjà ni mò ń gbé. Mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ, tó wà l'Abẹ́òkúta báyìí, nígbà tá ò bá fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ ohun tá à ń sọ lórí fóònù, àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé ìjà la máa ń jà. Kì í sì í ṣe àwa àgbà yìí nìkan, Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ ọ, ti Èkó náà ń kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé àti Jámánì, ó ti pẹ́, kì í ṣe nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọdún 1982 ni mo wọ bàálù lọ sí Soviet Union, orílẹ̀-èdè ńlá tí Rọ́ṣíà àti Yukréènì jọ wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mi ò tíì kọjá Èkó rí láyé mi, sikọ́láṣípù ló gbé mi lọ, ìṣègùn ni mo fẹ́ kà. Ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà tí mo gbọ́ nígbà yẹn ò ju ẹyọ kan lọ, Sputnik, nǹkan tí wọ́n jù sójú ọ̀run ní 1957, mi ò sì mọ̀ pé ó nítumọ̀, àṣé ẹni tá a jọ ń rìnrìn àjò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko la fi kọ́ èdè kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan ìwé ìṣègùn. Podfak la ń pè é, tèmi wà ní ìlú Voronezh. Àwa mẹ́sàn-án la wà ní kíláàsì, ọmọ Vietnam wà níbẹ̀, ọmọ Yemen, ọmọ Kúbà, ọmọ Kóńgò, kò sí èdè kan tí gbogbo wa jọ gbọ́, títíṣà wa náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kó jẹ́ pé ó gbọ́ ọ tí kò fẹ́ ká mọ̀. Ó gbé ìwé sókè, ó ní "Chto eto?", ìyẹn kí nìyí? Kò sẹ́ni tó lóhùn. Ó fúnra ẹ̀ dáhùn, "Eto kniga", ìwé nìyí. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọwọ́ la ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà 33 ló wà nínú ábídí wọn. Àwọn tí ẹ ò rí rí kọ́ ló máa dà yín láàmú, àwọn tẹ́ ẹ rò pé ẹ mọ̀ ni. В, V ni wọ́n ń pè é. Н, N ni. Р, R ni. С, S ni. У, U ni. Lọ́sẹ̀ kejì tá a débẹ̀, ebi ń pa mí, mo wọ ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi gègé ńlá kọ sí ara ògiri: СУП. Ojú mi kà á bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, kò já sí nǹkankan. Mo dúró, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn mi ń tì mí, mo wá ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, S... U... P. Súùpù! Ọbẹ̀ olómi lásán ni wọ́n ń tà! Olóòtú, mo pariwo, obìnrin tó ń bu oúnjẹ wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo ti jẹ oúnjẹ tó dùn ju súùpù yẹn lọ láìmọye ìgbà, omi àti kábéèjì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fúnra mi kà tí mo sì fúnra mi béèrè fún nílẹ̀ náà.

Ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá, ibì kan wà tí èdè yẹn ti máa yá a ju ẹni tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ lọ. Wọ́n ní "o", wọ́n ní "ẹ". Ty ni fún ẹgbẹ́ ẹni, vy ni fún àgbà àti ẹni tá ò mọ̀ rí, vy yẹn náà ni wọ́n sì ń lò tí èèyàn bá pọ̀, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Títíṣà ń ṣàlàyé ẹ̀ lójúmọ́ kan, méjì, ó ń pín ìwé, ó ń ya àwòrán, èmi ti jókòó pẹ̀sẹ̀, ìyá mi ti fi ìgbájú kọ́ mi ní tèmi tipẹ́. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ty ni wọ́n ń pe ìyá tó bí wọn. Ìyá ẹni o! Mo ní irú èyí ò ní dé Ìbàdàn. Ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni mo rántí pé àwa náà, "Ẹ̀yin" là ń pe ìyá wa, Ọlọ́run tó dá ìyá ọ̀hún là ń pè ní "Ìwọ". Àwọn náà, ty ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Wọn kì í sì í pe àgbà lórúkọ lásán, orúkọ bàbá ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bíi Aleksandr Sergeyevich, ìyẹn Aleksandr ọmọ Sergey. Ṣé ẹ rí i pé ilé la wà.

Ibi tí ìyà wà ni pé ọ̀rọ̀ wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo nǹkan ló ní akọ, abo, àtèyí tí kì í ṣe méjèèjì. Tábìlì, ọkùnrin. Ìwé, obìnrin. Fèrèsé, kò ṣe méjèèjì. Àwa tó jẹ́ pé "ó" kan náà là ń pe ọkọ, ìyàwó àti ewúrẹ́, ẹ wo bó ṣe máa rí lẹ́nu wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí ọ̀rọ̀ á tún máa yí padà lọ́nà mẹ́fà, wọn ò sì dá orúkọ ìlú ẹni sí. Tí mo bá fẹ́ sọ pé mo wà n'Ìbàdàn, v Ibadane. Tí mo bá ní ibẹ̀ ni mo ti wá, iz Ibadana. Ìbàdàn, ọkùnrin ni lójú wọn. Ìlú ọ̀rẹ́ mi, Abẹ́òkúta, wọ́n sọ ọ́ di obìnrin torí pé lẹ́tà "a" ló gbẹ̀yìn ẹ̀: v Abeokute, iz Abeokuty. Ó bínú títí. Ọmọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ wà láàárín wa, òun ló gbádùn jù, torí ọ̀rọ̀ àjòjì tó bá ti parí sí o, wọn kì í yí i padà, v Oyo, iz Oyo, Oyo náà ni. Ó máa ń fi yangàn sí wa lára ní hósítẹ́ẹ̀lì, á ní, "Ẹ ò rí i, ìlú Aláàfin kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọkùnrin ọ̀hún náà ló lọ fẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn kan, ẹnu ọmọbìnrin yẹn ló ti ń kó gbogbo ọ̀rọ̀, àṣé tí obìnrin bá ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Ló bá dìde ní kíláàsì pẹ̀lú irùngbọ̀n lẹ́nu, ó ní "ya skazala", èmi obìnrin yìí sọ pé. Títíṣà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn béèrè pé kí lorúkọ ọmọbìnrin náà.

Àmì ohùn ńkọ́? Àwọn ò ní àmì ohùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í kọ ọ́ sínú ìwé, bí ẹ̀yin oníwèé ìròyìn kan náà ṣe ń tẹ̀wé láìsí àmì, tẹ́ ẹ ń fi wá sílẹ̀ ká máa méfò bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ́. Mo fẹ́ ra fulawà lọ́jà, mo fẹ́ fi dín pọ́fù-pọ́fù fún ọjọ́ ìbí ẹnì kan. Muká ni fulawà, ẹ tẹ ẹ̀yìn. Mo tẹ iwájú, múka, ìyẹn ìyà, ìrora. Mo ní kí ìyá ọlọ́jà fún mi ní kílò méjì ìrora. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìyẹn ò ní rírà, gbogbo wa la ní in nílé." Ó wọn fulawà fún mi, ó bu jàárá sí i. Mánka tá à ń rò bí ẹ̀bà náà, ìyẹn sẹmofítà tiwọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti ń rà á títí mo fi kúrò ní Voronezh.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ìgbà tí èdè yìí yé mi pé kì í ṣe ti ọjà. Kharkov ni mo ti ka ìṣègùn, Kharkiv ni wọ́n ń pè é báyìí, ní Yukréènì, nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọdún kẹta wọ́n kó wa wọ wọ́ọ̀dù. Màmá àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyà ń dùn ún. Ọ̀gá wa wo ìwé mi, ó ní irú dídùn wo? Kolet? Zhzhot? Noyet? Davit? Mo dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kà láti ilé, pain ló ń pe gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni orí mi ti là, torí Yorùbá ni mo fi ro ó. Kolet, ó ń gún mi. Zhzhot, ó ń ta mí. Noyet, ó ń ro mí. Davit, nǹkan ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ìyá mi ò jẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ ń ta òun nígbà tó bá jẹ́ pé ó ń ro ó! Ọ̀rọ̀ yìí sì kì í ṣe ẹwà èdè lásán lọ́dọ̀ oníṣègùn, torí àyà tó ń gúnni kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sábà máa ń yàtọ̀ sí àyà tí nǹkan ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkejì yìí la máa ń sáré sí torí ọkàn lè wà nídìí ẹ̀. Mo padà lọ bá màmá náà, mo béèrè bó ṣe yẹ. Ó ní davit. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní "dochenka", ọmọbìnrin mi kékeré.

Ìdí nìyí tí mo ṣe máa ń bá àwọn òbí jà. Éjẹ́ǹtì á sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ báyìí, kí ọmọ má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Kò parọ́, irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ wà, owó ẹ̀ sì máa ń ju ti èyí tí wọ́n fi èdè wọn kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ọmọ á mọ orúkọ gbogbo egungun lára, kò ní lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ síwájú ẹ̀ pé ṣé o ti yàgbẹ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè wọn kàwé gan-an, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní TRKI, ó ní ìpele-ìpele, tí èèyàn bá gba ìpele àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní B1, ó tó láti wọ yunifásítì. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé oṣù mẹ́ta ló máa gbà o. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú wọn lédè, bíi wákàtí 1,100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Rọ́ṣíà, Faransé ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó le. Mo ti sọ ọ́.

Àwọn ìdí tó kù, ẹ̀yin náà lè rí i tẹ́ ẹ bá wá a. Èdè mẹ́fà péré ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, òun wà níbẹ̀. Kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan lẹ ti máa lò ó, Belarus ń sọ ọ́, Kazakhstan ń sọ ọ́, Kyrgyzstan ń sọ ọ́, ọmọ Uzbekistan àti ọmọ Armenia bá pàdé ara wọn lọ́jà, òun ni wọ́n máa fi nájà. Ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ gbé inú ilé tó wà lójú òfúrufú yẹn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú Soyuz, ọkọ̀ tí Rọ́ṣíà fi ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, èdè Rọ́ṣíà ni. Sátẹ́láìtì tiwa náà, NigeriaSat-1, Plesetsk ní Rọ́ṣíà ló ti gbéra ní 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní 2011, ilẹ̀ wọn náà ni, Yasny. Àwọn ará Soviet tó bá wa bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta ńkọ́, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ya àwòrán ẹ̀ ni? Mo pàdé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó wá kọ́ iṣẹ́ irin nígbà yẹn, ọmọlúàbí èèyàn, orí wọn pé, ibi tí iṣẹ́ yẹn wá já sí kì í ṣe ẹ̀bi èdè.

Àti Pushkin. Ẹ jẹ́ n sọ ti Pushkin díẹ̀, torí òun ni mo fi ń pa àwọn ọmọ-ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Kò sí akéwì tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ bíi tiẹ̀ nílẹ̀ yẹn, ọmọ kékeré mọ ewì ẹ̀ lórí, ọjọ́ ìbí ẹ̀, June 6, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe ọjọ́ èdè Rọ́ṣíà. Wọ́n bí i ní 1799. Bàbá ìyá-ìyá ẹ̀... ẹ dúró, ẹ jẹ́ n ṣe é dáadáa: ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ Abram Gannibal, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré, tó dé ààfin Ọba Peter Ńlá, tí ọba gbà á ṣọmọ ní ìsàmì, tó kàwé, tó di ọ̀gágun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé Etiópíà ló ti wá, àfìgbà tí ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, onímọ̀ ìtàn tó ń jẹ́ Dieudonné Gnammankou, yẹ ìwé wò títí, tó ní rárá o, Logone ni, lápá Kamẹrúùnù. Ọmọ ìtòsí wa! Kì bá tí lè dá sí ọ̀rọ̀ náà ká ní ohun táwọn ẹlòmíì túmọ̀ fún un nìkan ló ń kà. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà kúkú ń ka tiwa, ọdún 1963 ni wọ́n ti tẹ ìwé lórí èdè Yorùbá jáde ní Mọ́síkò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ níbì kan pé ìyá yìí ti gbàgbé ogun ni. Mi ò gbàgbé. Ìlú tí mo ti di dókítà ni bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ń bọ́ lé lórí láti oṣù kejì ọdún 2022. Èdè Rọ́ṣíà ni mo ń gbọ́ ládùúgbò yẹn láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà tèmi, nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu ọmọdé, lẹ́nu ẹni tó ń ta áìsìkíríìmù. Ọ̀rẹ́ kíláàsì mi kan tó ṣì wà níbẹ̀ ti fi èdè Rọ́ṣíà sílẹ̀ pátápátá, ti Yukréènì ló fi ń kọ̀wé sí mi báyìí, fóònù ni mo fi ń túmọ̀ ẹ̀, mi ò bá a jiyàn. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ táwọn ọmọ Nàìjíríà ń sá lọ sí bọ́dà Poland àti Romania, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn, òun ló ń bá dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì dúnàádúrà fún èèyàn bí ogún torí òun nìkan ló gbọ́ èdè dáadáa láàárín wọn, ó sọ fún ìyá ẹ̀ pé ohùn òun há kí àwọn tó débẹ̀.

Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ńkọ́? Ó wà. Peter Odemwingie, ọmọ wa tó gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, Tashkent ní Uzbekistan ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá ẹ̀ ará Rọ́ṣíà, ó ń sọ èdè wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó kúrò ní Lokomotiv Moscow lọ sí West Brom ní 2010, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ sára aṣọ, wọ́n gbé e sókè ní pápá. Èdè ò gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Èmi náà, wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí mi nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú vy, bí a ṣe ń bá ẹni tá ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, ojú tì wọ́n ju kí n bú wọn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an. Lóṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 24, ó gba HND, kò ríṣẹ́, ó wá kí mi pé òun ń lọ sí Rọ́ṣíà, kí n ṣàdúrà fún òun. Mo ní kí lo fẹ́ lọ ṣe? Ó ní iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni, wọ́n ń gbé ẹrù, wọ́n ń tò ó, owó ẹ̀ dáa, éjẹ́ǹtì kan lórí Wasáàpù ló ń bá òun ṣe é, vísà ti fẹ́ẹ̀ jáde. Mo ní ṣé o ti sàìnì pépà? Ó ní ó ku ọ̀la. Ó fi hàn mí lórí fóònù. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan, ó mọ́ tónítóní, iṣẹ́ sítọ́ọ̀, ibùgbé ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́. Mo ní èwo ni wàá sàìnì? Ó ṣí ìkejì. Ti Rọ́ṣíà. Ojú ìwé mẹ́fà.

Mo wá gíláàsì mi. Ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: Kontrakt o prokhozhdenii voyennoy sluzhby. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo gbé fóònù yẹn jìnnà sí ojú bóyá gíláàsì ló ń ṣe mí. Voyennaya sluzhba, iṣẹ́ ológun. Ìwé àdéhùn ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà ni. Kò sí sítọ́ọ̀ níbẹ̀, mo wá a láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹfà.

Ọmọ náà ń mu mínírà tí mo fún un, ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ?"

Mo sọ fún un. Ó ní ó lè jẹ́ pé àṣìṣe ni. Mo ní kó pe éjẹ́ǹtì. Éjẹ́ǹtì ní ohun tí gbogbo wọn máa ń sàìnì nìyẹn, fọ́ọ̀mù lásán ni, kó má fetí sí àwọn àgbà tí kò mọ nǹkan. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi Rọ́ṣíà béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn pé ojú ìwé wo ni sítọ́ọ̀ wà. Kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Òun náà ò gbọ́ èdè ọ̀hún! Ó pa fóònù, ó sì dínà mọ́ ọmọ náà lórí Wasáàpù kó tó di alẹ́.

Ẹ máa ní kí ló dé tí kò fi fóònù túmọ̀ ẹ̀. Mo bi í. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti fún mi ní ti Gẹ̀ẹ́sì." Ẹ ò rí i? Ta ló máa wá ohun tó gbà pé wọ́n ti fi lé òun lọ́wọ́? Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn ìwé ìròyìn ti gbé e pé àwọn ọmọ Áfíríkà kan bá ara wọn lójú ogun báyìí, pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ kọ́ ní Alabuga, ní Tatarstan, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, inú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dírónì ogun ni wọ́n kó wọn sí. Mo máa ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bíi pé ó jìnnà. Àṣé orí àga ní pálọ̀ mi ló máa jókòó sí, tí á máa mu mínírà.

Nítorí náà, bàbá ọmọ, iṣẹ́ tí ọmọ yín máa fi èdè yẹn ṣe, mi ò lè ṣèlérí ẹ̀ fún yín, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a gbọ́ ọ ò rí owó kankan nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú pépà tí wọn ò lè kà, kẹ́ ẹ wá wo iye èèyàn tó lè bá wọn kà á lágbègbè yín. Ọmọ yín kò fẹ́ lọ síbi kankan báyìí, ó ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Ẹ sanwó fún un.

Ọmọ tó wá kí mi yẹn ò tíì ríṣẹ́ o. Ó ṣì ń sọ pé òun máa rìnrìn àjò, mi ò lè dè é mọ́lẹ̀. Ó kàn ní òun ò ní sàìnì ohun tí òun ò lè kà mọ́, ló bá ní kí n máa kọ́ òun, ó ń wá ní ọjọ́ Sátidé, ó ti ka ábídí dé lẹ́tà ы, ibẹ̀ ló há sí. Ìró yẹn ò sí lẹ́nu Yorùbá, kì í ṣe i, kì í ṣe u, àárín ẹnu ló ti ń wá bí ẹni tí wọ́n gbá níkùn. Mo ní kó fi pẹ́ńsù sáàárín eyín kó máa pè é. Ó ti fi ohùn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Kò tíì dáa.

Èmi ni tiyín,
Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì,
Bódìjà, Ìbàdàn.